Ọ̀nà wo ló yẹ kí ẹ fi wá gbòǹgbò Bessel nínú kéébù coaxial? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí páìpù ìgbì tó ní wáyà láàárín, ìyẹn coaxial, kò ní pẹ́ kó tó kan ìdọ́gba kan tí kò ṣeé fọwọ́ tú. Fọ́ńkíṣọ̀n Bessel méjì, J àti Y, tó ń ṣàpèjúwe ìgbì nínú ohun tó rí róbótó, ni a so pọ̀ ní ògiri inú àti ògiri ìta, tí a sì ní kí àpapọ̀ wọn di òdo. Ibi tó ti di òdo, tí à ń pè ní gbòǹgbò, ló ń sọ fíríkúẹ́ńsì tí móòdù kọ̀ọ̀kan (ìrísí kọ̀ọ̀kan tí ìgbì lè ní) ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú kéébù náà, ìyẹn cutoff rẹ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà wá àwọn ibi wọ̀nyí pọ̀, oníkálukú ló sì ń yin èyí tó mọ́ ọn lára.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi ìyára yàn, kí ẹ má sì fi iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn póìǹtì yàn. Kọ̀ǹpútà òde òní yára, ó sì péye ju bí iṣẹ́ wa ti ń fẹ́ lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni èyí: ṣé ó lè fi dá mi lójú pé gbòǹgbò tí mo rí yìí ni ẹ̀kíní, tàbí ẹ̀kẹta, àti pé kò sí ìkankan tó fò mí dá? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo rí tó bàjẹ́, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Nọ́ńbà tó jáde péye dé orí kejìlá, àmọ́ orúkọ móòdù mìíràn ni wọ́n fi pè é.

Ìdọ́gba náà fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká pe rédíọ́ọ̀sì wáyà àárín ní a, ká pe ti awọ ìta ní b. λ jẹ́ b/a, x sì jẹ́ ka, níbi tí k ti jẹ́ nọ́ńbà ìgbì ní cutoff. Fún móòdù TM (tí pápá òòfà rẹ̀ kò lọ ní gígùn kéébù):

J_m(x)·Y_m(λx) − J_m(λx)·Y_m(x) = 0

Fún móòdù TE (tí pápá iná rẹ̀ kò lọ ní gígùn kéébù), derivative, ìyẹn bí fọ́ńkíṣọ̀n ṣe ń yára yí padà, ni a ó fi rọ́pò wọn:

J′_m(x)·Y′_m(λx) − J′_m(λx)·Y′_m(x) = 0

m ni iye ìgbà tí ìgbì náà yí padà bó ṣe ń lọ yípo wáyà. Nínú orúkọ bíi TE11, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni m, èkejì ni ipò gbòǹgbò náà. TEM, ìgbì tí a ṣe kéébù fún gan-an, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kò ní cutoff kankan.

Bí ògiri méjèèjì bá jẹ́ kọ́ńdọ́kítọ̀ pípé, gbogbo gbòǹgbò ìdọ́gba méjèèjì jẹ́ nọ́ńbà gidi, kò sì sí èyí tó di ìbejì lójú kan náà fún m kan ṣoṣo. Ohun tó fà á ni pé agbára kò jò sí ibìkankan, nítorí náà ìṣòro Sturm–Liouville lásán ni, irú èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń jẹ́ nọ́ńbà gidi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí yóò gbà yín lọ́wọ́ wàhálà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn fà.

Ẹ wo kọnẹ́kítọ̀ 7 mm tí àwọn tó ń wọn máíkírówéèfù mọ̀ dáadáa. Inú awọ ìta rẹ̀ fẹ̀ tó 7.00 mm, wáyà àárín jẹ́ 3.04 mm, λ wá jẹ́ nǹkan bí 2.303. Ìyẹn ló fún un ní 50 Ω nígbà tó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà láàárín. TE11 ni móòdù àkọ́kọ́ tó lè wá da TEM láàmú níbẹ̀. Bí a bá fi ìsúnmọ́ k ≈ 2m/(a+b) ṣírò rẹ̀, 19.0 GHz ló máa jáde. Gbòǹgbò gidi fún wa ní nǹkan bí 19.4 GHz. 18 GHz ni wọ́n fi ṣe òpin lílo kọnẹ́kítọ̀ yìí, nítorí náà ìsúnmọ́ náà tó fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi mode matching (síso móòdù apá kan mọ́ ti apá tó tẹ̀ lé e) ṣe fílítà, níbi tí wáyà àárín ti ń nípọn tó tún ń tínrín, nílò ogún tàbí ọgbọ̀n gbòǹgbò tí a tò ní ẹsẹẹsẹ. Bí ọ̀kan bá sọnù láàárín wọn, èsì á ṣì jáde, á sì jọ òótọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò ní bá ohun tí irinṣẹ́ bá wọ̀n mu.

Láíbúrárì tó ti wà nílẹ̀

Ẹ lè rò pé SciPy, láíbúrárì ìṣírò fún èdè Python, ti ṣe é tán. Lóòótọ́ jn_zeros àti jnp_zeros wà níbẹ̀, mpmath náà ní besseljzero. Páìpù òfìfo tó rí róbótó, tí kò ní wáyà láàárín, ni wọ́n wà fún: 1.8412 fún TE11, 2.4048 fún TM01, 3.8317 fún TE01 àti TM11. J nìkan ni wọ́n mọ̀. Tí wáyà bá ti wọ àárín, tí Y sì ti dé, ẹ ó ní láti wá gbòǹgbò náà fúnra yín. Àwọn ọ̀nà tó wà nìyí:

| Ọ̀nà | Ṣé ó mọ ipò gbòǹgbò? | Ibi tó ti dára | Ibi tó ti ń dani |
|---|---|---|---|
| Ìtẹ̀lé McMahon | Fún TM, bẹ́ẹ̀ ni. Fún TE, ẹ ṣọ́ra | λ kékeré, gbòǹgbò tó jìnnà | λ ńlá, m ńlá, TE_m1 |
| Newton, secant | Rárá | Dídán gbòǹgbò tí a ti mọ ibi tó wà | Bí ìbẹ̀rẹ̀ kò bá sún mọ́ ọn |
| Yíyẹ àmì wò, kí Brent tẹ̀ lé e | Bí ìṣísẹ̀ bá kéré tó | Iṣẹ́ ojoojúmọ́, m kékeré | m ńlá, àti bí ẹ bá fi Y pín in |
| Ìyàtọ̀ féèsì | Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà gbogbo | Coaxial pẹ̀lú ògiri pípé | Ògiri tó ń jẹ agbára |
| Mátíríìsì | Bẹ́ẹ̀ ni, ní apá ìsàlẹ̀ | Ìpele púpọ̀, ohun èlò tó ń yí padà | Gbòǹgbò tó wà lókè pátápátá |
| Argument principle | Ó mọ iye, kò mọ ipò | Gbòǹgbò complex (tó ní apá tí kì í ṣe nọ́ńbà gidi) | Bí ìlà wa bá kọjá lórí gbòǹgbò tàbí branch cut (ìlà tí fọ́ńkíṣọ̀n ti já) |

McMahon: ó dára títí tí kò fi dára mọ́

James McMahon ló tẹ ìtẹ̀lé yìí jáde ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, títí dòní sì ni àwọn ìwé àtẹ fọ́ńkíṣọ̀n ń tẹ̀ ẹ́. Fún TM, kí n jẹ́ ipò gbòǹgbò, ẹ fi β = nπ/(λ−1), p = (4m²−1)/(8λ), àti q = (4m²−1)(4m²−25)(λ³−1) / [6(4λ)³(λ−1)]. Lẹ́yìn náà:

x ≈ β + p/β + (q − p²)/β³

Fún λ = 2 àti m = 0, gbólóhùn àkọ́kọ́, ìyẹn β, fún gbòǹgbò kìíní ni 3.1416. Tí a bá fi èkejì kún un, ó di 3.1217, ẹ̀kẹta sọ ọ́ di 3.1234. Òótọ́ rẹ̀ ni 3.1230. Fún m = 1, ó lọ láti 3.1416 sí 3.2013 sí 3.1955, nígbà tí òótọ́ jẹ́ 3.1966. Èyí dára púpọ̀ fún ohun tí ẹ lè fi ẹ̀rọ ìṣírò kékeré ṣe.

Ẹ wá gbé λ lọ sí 100, bí ìgbà tí wáyà tínrín kan wà láàárín páìpù ńlá, kí m wà ní 0. Ká lè fi wé páìpù òfìfo, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní kb. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní 3.17. Èkejì fà á lulẹ̀ sí nǹkan bí −0.77. Ẹ̀kẹta wá gbé e fò kọjá 2000. Òótọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.80. Ìtẹ̀lé náà kò ṣèèṣì o: wọ́n kọ ọ́ fún x tó tóbi, λ ńlá sì ń mú x kìíní kéré gan-an.

(Ẹ dákẹ́ wo 2.80 yẹn náà. Páìpù òfìfo ní 2.405. Wáyà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti páìpù lọ ti gbé cutoff TM01 sókè ní ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Logarithm ló wà nídìí rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ sọ pé wáyà ti tínrín tó báyìí, ká kà á sí òfìfo.)

Ìdánwò tí mo máa ń lò rọrùn: bí p/β kò bá kéré gan-an sí β, ẹ sọ ìtẹ̀lé náà nù, ẹ má tilẹ̀ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún Newton.

Ti TE ló burú jù. Irú ìtẹ̀lé kan náà wà fún un, pẹ̀lú p = (4m²+3)/(8λ), ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan wà tí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Fún λ = 2 àti m = 1, tí ẹ bá fi n = 1 sí i, yóò fún yín ní nǹkan bí 3.28. Kì í ṣe TE11 nìyẹn, TE12 ni. TE11 wà ní 0.677, ìtẹ̀lé McMahon kò sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé β tirẹ̀ ìbá jẹ́ òdo, a kò sì lè fi òdo pín nǹkan. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé kéébù òun mọ́ títí dé fíríkúẹ́ńsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Newton àti secant

Méjèèjì ń tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ̀ fọ́ńkíṣọ̀n lọ sí ibi tó ti di òdo. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ. Wọ́n yára, wọ́n dán gbòǹgbò dáadáa, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n wà. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí fọ́ńkíṣọ̀n ti tẹ́, Newton lè fò kọjá gbòǹgbò mẹ́rin kó lọ bà lé ìkarùn-ún láìsọ nǹkan kan fún yín. Ẹ lò wọ́n ní ìparí iṣẹ́, ẹ má ṣe lò wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀.

Yíyẹ àmì wò, kí Brent sì tẹ̀ lé e

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, kò sì burú. Ẹ rìn lórí x ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, ẹ wo ibi tí àmì ti yí láti rere sí òdì, kí ẹ fi àlà méjèèjì lé brentq ti SciPy lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí Richard Brent gbé jáde ní 1973 yìí kì í kúrò láàárín àlà tí ẹ bá fún un, kò sì nílò derivative.

Ìṣísẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ rò. Àárín gbòǹgbò TM méjì tó tẹ̀ léra jẹ́ nǹkan bí π/(λ−1) lórí x. Fún λ = 2, ó ju 3 lọ. Fún λ = 100, kò ju 0.032 lọ. Ẹni tó bá kọ 0.1 sínú kóòdù rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí ẹlòmíràn wá ń lò ó fún wáyà tínrín, ti ń fo gbòǹgbò mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ìṣísẹ̀ wá láti inú λ: ìdá kan nínú mẹ́wàá π/(λ−1) tó.

Ewu kejì ni bí Y ṣe ń wú tí J sì ń gbẹ nígbà tí m bá tóbi. J_100(1) jẹ́ nǹkan bí 8.4 × 10⁻¹⁸⁹, Y_100(1) sì jẹ́ −3.8 × 10¹⁸⁵. Kọ̀ǹpútà ṣì lè gbé ìyẹn. Ní m = 200, Y ti kọjá 10³⁰⁸ tí nọ́ńbà onílọ̀ọ́po méjì lè gbà, ó di àìlópin, J sì di òdo. Ẹ bá fi wọ́n lé ara wọn, nan (ìyẹn “kì í ṣe nọ́ńbà”) ló máa jáde.

Èyí ló ń sún àwọn kan láti fi Y pín gbogbo rẹ̀, kí wọ́n wá gbòǹgbò J(x)/Y(x) − J(λx)/Y(λx). Ó mú kí nọ́ńbà rọ̀, ṣùgbọ́n ó bí ewu tó tún burú ju èyí tó lé lọ. Níbi tí Y bá ti di òdo, ìdá náà ń já lọ sí àìlópin ní apá kan, ó sì ń padà wá láti àìlópin òdì ní apá kejì. Àmì yí padà, kò sì sí gbòǹgbò kankan níbẹ̀. Brent kò mọ ìyàtọ̀. Yóò tẹ̀ lé ìyípadà àmì náà dé ibi tó já, yóò sì dá a padà fún yín bí èsì. Y_0 kọ́kọ́ di òdo ní 0.8936. Fún λ = 2, kóòdù bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé TM wà ní x = 0.447 àti ní 0.894, nígbà tí gbòǹgbò àkọ́kọ́ gidi wà ní 3.123. Tí ẹ bá ti rí fíríkúẹ́ńsì cutoff TM tó kéré ju ti páìpù òfìfo lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé wáyà àárín kì í mú cutoff TM wálẹ̀ láé.

Ìyàtọ̀ féèsì: èyí tí mo fẹ́ jù

Dípò kí a wo J àti Y lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ ká wò wọ́n bí apá méjì ọfà kan tó ń yí. Gígùn ọfà náà ni M, pẹ̀lú M² = J² + Y²; igun rẹ̀, tí à ń pè ní féèsì, ni θ, tó jẹ́ atan2(Y, J). Bí ẹ bá fi èyí rọ́pò J àti Y nínú ìdọ́gba TM, gbogbo rẹ̀ di:

M(x)·M(λx)·sin[θ(λx) − θ(x)] = 0

M kì í di òdo láé. Nítorí náà, gbòǹgbò n wà níbi tí θ(λx) − θ(x) ti jẹ́ nπ, kò sì sí níbòmíràn.

Ohun tó wu mí nínú rẹ̀ kù síwájú. Bí igun náà ṣe ń yára yí sí jẹ́ 2/(πxM²). Ẹ fi èyí ṣírò bí ìyàtọ̀ θ(λx) − θ(x) ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ ó rí (2/πx)·[1/M²(λx) − 1/M²(x)]. A sì mọ̀ dájú, láti inú ìdọ́gba Nicholson, pé M² ń dínkù bí x bá ti ń pọ̀. Nítorí náà ohun tó wà nínú àkámọ́ jẹ́ rere nígbà gbogbo. Ìyàtọ̀ féèsì bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó ń gòkè láìpadà sẹ́yìn, kò sì lópin. Yóò kọjá π lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò kọjá 2π lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lọ. Gbòǹgbò kan ṣoṣo ló wà fún n kọ̀ọ̀kan, n sì ni orúkọ rẹ̀. Kò sí bí ọ̀kan ṣe fẹ́ fò yín dá, bí λ ṣe wù kó tóbi tó, bí m ṣe wù kó ga tó.

Fún TE, ẹ fi J′ àti Y′ ṣe ọfà tuntun, kí igun rẹ̀ jẹ́ φ. Èyí kò rìn bákan náà. Ìyára rẹ̀ ní x² − m² nínú, nítorí náà φ ń sọ̀ kalẹ̀ títí x fi dé m, lẹ́yìn náà ló tó ń gòkè. Ibí yìí ni àdììtú TE_m1 ti tú. Fún m tó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ibì kan wà tí φ(λx) àti φ(x) ti bá ara wọn dọ́gba láìjẹ́ pé ìkankan ti yí gbogbo ìyípo: ọ̀kan ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, èkejì ti ń gòkè. Ìyẹn ni gbòǹgbò n = 0 tí McMahon kò ní. Nítorí pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní apá ìsàlẹ̀ m, kí èkejì wà ní apá òkè, x gbọ́dọ̀ wà láàárín m/λ àti m. Láàárín àlà yẹn, ìyàtọ̀ náà ń gòkè láìyẹsẹ̀, òdì ló jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, rere ló sì jẹ́ ní ìparí. Gbòǹgbò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ ti mọ àlà rẹ̀ kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Fún λ = 2 àti m = 1, àlà náà jẹ́ 0.5 sí 1. Gbòǹgbò jẹ́ 0.6773, ìsúnmọ́ 2m/(1+λ) fún wa ní 0.667.

Báwo ni ẹ ó ṣe lò ó? atan2 máa ń fo 2π bí ọfà bá ti yí kọjá òdìkejì, nítorí náà ẹ ní láti so ó pọ̀. Ẹ ṣírò θ lórí àtẹ x tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí òdo, kí ohun tó wà nínú θ má ṣe fò ju 1 lọ lẹ́ẹ̀kan (λx ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe x). Ẹ lo numpy.unwrap, kí ẹ wo àárín nọ́ńbà méjì tí ìyàtọ̀ ti kọjá nπ. Àlà méjèèjì yẹn ni ẹ ó fún brentq, pẹ̀lú ìyàtọ̀ féèsì tí ẹ ti yọ nπ kúrò nínú rẹ̀.

Ti m ńlá náà kò ṣòro fún TM. Nígbà tí Y bá di àìlópin òdì tí J sì di òdo, atan2 á ṣì fún yín ní −π/2, èyí tó jẹ́ èsì tó tọ́. Fún TE, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé yvp (fọ́ńkíṣọ̀n SciPy fún Y′) níbẹ̀, nítorí pé àìlópin méjì ni yóò máa yọ lára ara wọn. Ẹ fi π/2 sí i fúnra yín nígbà tí x bá kéré jìnnà sí m.

Mátíríìsì: gbogbo gbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan náà

Ọ̀nà yìí kò bá Bessel ṣe rárá. Ó padà sí ìdọ́gba tí Bessel ti wá, y″ + y′/r + (k² − m²/r²)y = 0 láàárín a àti b, ó fi àwọn ojú Chebyshev (àwọn póìǹtì tí a yàn láàárín a àti b) rọ́pò r, ó sì sọ k² di eigenvalue, ìyẹn nọ́ńbà àdámọ́ mátíríìsì kan. Fún TM, y di òdo ní ògiri méjèèjì. Fún TE, y′ ni. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà wá eigenvalue, gbogbo gbòǹgbò á dé ní ẹsẹẹsẹ, TE_m1 á wà láàárín wọn láìjẹ́ pé ẹ pè é. Kò sí àìlópin, kò sí branch cut, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ní láti méfò.

Ẹ má ṣe gba àwọn tó wà lókè gbọ́. Bí mátíríìsì bá fún yín ní 40 eigenvalue, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ á péye gan-an, àwọn tó wà lókè á jẹ́ ìdọ̀tí tí ojú Chebyshev kò tó láti rí. Mo máa ń gba ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan, mo sì máa ń fi ojú tó pọ̀ sí i ṣe é lẹ́ẹ̀kejì láti wo àwọn tí kò mì.

Fún coaxial lásán, mo ṣì fẹ́ féèsì jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ohun èlò tó wà láàárín bá jẹ́ ìpele mẹ́ta, tàbí tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti inú sí ìta, ìdọ́gba Bessel á di mátíríìsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ní pole (ibi tí fọ́ńkíṣọ̀n ti lọ sí àìlópin) káàkiri, ọ̀nà yìí sì máa ń dúró síbẹ̀ láìyẹ̀.

Ìgbà tí ẹ nílò complex, àti ìgbà tí ẹ kò nílò rẹ̀

Mo ti rí ẹni tó gbé gbogbo kóòdù rẹ̀ lọ sí nọ́ńbà complex nítorí pé ike tó wà nínú kéébù rẹ̀ ń jẹ agbára díẹ̀. Kò nílò rẹ̀. Bí ike náà bá jẹ́ irú kan náà láti inú dé ìta, tí ògiri sì jẹ́ kọ́ńdọ́kítọ̀ pípé, gbòǹgbò kò mọ̀ pé ike wà. k jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrísí kéébù nìkan; agbára tó ń sọnù wọlé lẹ́yìn náà, nínú γ² = k² − ω²με, níbi tí ε, tó dúró fún ike náà, ti di complex; γ ló ń sọ bí ìgbì ṣe ń rìn ní gígùn kéébù. Fún bàbà náà, tó jẹ́ pé díẹ̀ ló ń jẹ, perturbation (àtúnṣe kékeré) lórí gbòǹgbò gidi ti tó.

Complex di dandan nígbà tí ògiri bá ní impedance tó ṣe gbòógì, nígbà tí ike tó ń jẹ agbára bá bo apá kan ṣoṣo, tàbí nígbà tí ìgbì lè jò síta. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: páìpù tí ike bo apá kan nínú rẹ̀ lè ní móòdù complex bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń jẹ agbára. Níbẹ̀, yíyẹ àmì wò kò wúlò mọ́. Argument principle ni ẹ ó lò: ẹ yí ìlà ká agbègbè kan, ẹ ṣírò ∮F′/F dz, ẹ fi 2πi pín in, iye gbòǹgbò tó wà nínú rẹ̀ á jáde, bí pole kò bá sí. Delves àti Lyness fi hàn ní 1967 bí a ṣe lè ti inú irú ìṣírò ìlà bẹ́ẹ̀ rí gbòǹgbò náà fúnra wọn. Ẹ pín agbègbè náà sí wẹ́wẹ́ títí gbòǹgbò kan tàbí méjì á fi kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí Newton tàbí Muller (ọ̀nà mìíràn tó jọ secant) sì dán an.

Ọ̀nà yìí mọ iye, kò mọ ipò. Ká lè mọ orúkọ móòdù, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò sí agbára tó ń sọnù, níbi tí féèsì ti sọ ipò kọ̀ọ̀kan, kí n tó máa fi agbára tó ń sọnù kún un díẹ̀díẹ̀, tí n ó sì máa tẹ̀ lé gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kúrò lórí ìlà gidi.

Tí mo bá ní láti yàn fún yín

Bí cutoff TE11 kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mọ̀ fún kéébù, ẹ lo k ≈ 2/(a+b), kí ẹ fi brentq dán x rẹ̀ láàárín 1/λ àti 1. Bí ẹ bá fẹ́ tò gbòǹgbò púpọ̀ fún coaxial tí ògiri rẹ̀ dára, féèsì ni. Bí ohun èlò inú bá ní ìpele ju méjì lọ, mátíríìsì. Bí agbára bá ń jò, argument principle, kí féèsì tàbí mátíríìsì sì jẹ́ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. McMahon, ẹ fi í sílẹ̀ fún àyẹ̀wò gbòǹgbò tó jìnnà, níbi tó ti ń tàn.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ fi àwọn ìdánwò yìí sínú kóòdù kí ẹ tó fún ẹlòmíràn. J′_0 jẹ́ −J_1, Y′_0 sì jẹ́ −Y_1. Nítorí náà gbogbo gbòǹgbò TE_0n gbọ́dọ̀ bá TM_1n dọ́gba dé nọ́ńbà ìkẹyìn. Bí TE_01 bá bá TM_12 mu dípò TM_11, kíkà yín ti fò ọ̀kan. Fún λ = 2, TM_01 gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.1230, TM_11 gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.1966, TE_11 gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.6773. Fún λ = 100, kb fún TM_01 gbọ́dọ̀ wà nítòsí 2.80. Kí ẹ sì dán m = 200 wò, kí ẹ rí i pé nan kò jáde.